Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Tí Mo Tò Lórí Tábìlì

Ní àwọn ọdún tí mo fi ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fàdá ní Bantè, kẹ̀kẹ́ ni mo ní. Kẹ̀kẹ́ náà dára, ó ní iná iwájú, ó ní agogo, àbúrò bàbá mi obìnrin sì máa ń fi òróró pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mò ń gbé, Màmá ni mo sì ń pè é. Kò bímọ, èmi ló fi ṣe ọmọ. Ohunkóhun tí mo bá ṣe, ì báà jẹ́ pé mo kàn sín lásán, àwọn ará ọjà gbọ́dọ̀ gbọ́. Tí mo bá ra fìlà tuntun, wọ́n á ti mọ̀ ní Akpassi kí n tó dé e. Gbogbo ìlú ń pè mí ní Mẹ́tìrì, bí àwọn Faransé ṣe ń pe olùkọ́, ṣùgbọ́n "Mẹ́tìrì mi" ni òun máa ń sọ, bí ẹni pé òun ló fi mí yá wọn.

Ọkọ̀ tó ń gba Bantè kọjá nígbà náà kò pọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu àti òwú lọ sí Savalou ni, àti ọkọ̀ kéékèèké àwọn òyìnbó tó rí róbótó bí ìjàpá. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kan wà ní Savalou, Mùsùlùmí ni, Yorùbá sì ni, ó ń ta aṣọ àti iyọ̀. Àlájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ Amẹ́ríkà fún un ní Kútọnu.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ gba ìlú wa kọjá, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. A gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan tí a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ nípọn, bí ìgbà tí màlúù méjì bá ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo kíláàsì dìde. Mo pariwo pé kí wọ́n jókòó, àmọ́ kí n tó pa ẹnu dé, èmi fúnra mi ti wà lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà ń bọ̀. Iwájú rẹ̀ kọjá, àárín rẹ̀ kọjá, a ṣì ń dúró de ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, orí rẹ̀ funfun. Irin iwájú rẹ̀ ń dán bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbé ìrù méjì sókè bíi ti ẹja. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, mo padà sídìí pátákó láti parí ìṣirò mi. Ibi tí ó yẹ kí n kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sí, mo ti ya táyà méjì síbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya ọkọ̀ yẹn sí ibi gbogbo, sí ẹ̀yìn ìwé, sí ara pátákó, sí ilẹ̀. Fàdá tó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa rí i, kò sì bá mi wí. Òyìnbó tó ga ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ọkọ́. Ó ní àbúrò kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹni yìí sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nígbà Kérésìmesì, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ní pàtàkì, èyí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Bantè. Lọ́dún kan, páálí ló dé. Àwòrán ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan wà lára rẹ̀, ó pupa, kò ní òrùlé, obìnrin òyìnbó kan jókòó sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀ sẹ́yìn. Fàdá ṣí páálí náà, ó wo inú rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

"Mẹ́tìrì, ṣé o mọ ohun tí èyí jẹ́?"

"Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, Fàdá."

"Òun náà ni. Ó wà nínú páálí yìí, gbogbo rẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tò ó. Tí èmi bá fọwọ́ kàn án, yóò fọ́ ni. Gbé e lọ."

Ike ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n so àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà mọ́ igi ike tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso tí kò tíì já, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Táyà rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Ohun tí awakọ̀ máa ń dì mú, a lè fi ṣe òrùka fún ọmọ jòjòló. Ọkọ̀ náà, tí mo bá tò ó tán, kò ní gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́. Gọ́ọ̀mù kékeré kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti gbẹ lójú ọ̀nà, ó le bí òkúta. Ìwé kan sì wà tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Èmi mọ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì, n kò mọ A rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ kan wà lẹ́bàá ilé wa, ẹni tó jù mí lọ dáadáa, tó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ojoojúmọ́ ni òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn òyìnbó jà níbẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ bá a. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà pẹ́.

"Ó ní kí o mú nọ́ńbà mẹ́tàlá," ó ní, "kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlá, kí o di méjèèjì mú títí wọn yóò fi gbẹ, kí o sì gbàdúrà."

"Ẹ̀gbọ́n, ó wà níbẹ̀ pé kí n gbàdúrà?"

"Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo fi kún un."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, òun á wá jókòó sí yàrá mi, á máa kà, èmi á máa lẹ̀. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dé òpin, kò ní sọ fún mi. Á kàn máa bá ìrìn-àjò lọ. A kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ka ìwé, ó tún un kà, ó ní ọ̀pá àsíá ni.

"Ọ̀pá àsíá, lára ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ kọmándàn ò ní in ni? Tàbí o rò pé kọmándàn ju Amẹ́ríkà lọ?"

Kọmándàn là ń pe ẹni tó ń ṣàkóso agbègbè wa, àsíá sì wà lára ọkọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Mo lẹ ọ̀pá náà mọ́ iwájú ọkọ̀, ó sì dúró ṣánṣán.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Màmá fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ṣe àtè fún mi, mo fi lẹ ilẹ̀kùn àti àga. Nígbà tí mo dé láti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, èèrà ti kún inú ọkọ̀. Wọ́n wà lórí àga iwájú, wọ́n wà lórí àga ẹ̀yìn, àwọn mìíràn tò sẹ́yìn bí ẹni tí ń dúró kí ọkọ̀ mìíràn dé. Màmá wò wọ́n, ó ní, "Kò tíì jáde nílé, ó ti ní èrò." Mo fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo lọ gba gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ń rùn, ó ń fa orí fífọ́, ṣùgbọ́n ó mú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Màmá ń ṣe ní ọjà ní gbogbo àsìkò yìí. Kò parọ́ rárá. Ohun tó ń sọ kò ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ. "Ọmọ mi ń to ọkọ̀ Amẹ́ríkà," á ní. "Fàdá ló fún un. Inú yàrá ló ti ń tò ó. Ó ti parí ilẹ̀kùn, ó ku táyà." Kò rántí láti fi kún un pé ọkọ̀ náà kò tó ìgò ọtí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé wa kọjá, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á mi orí. Ọkùnrin kan wá láti Lougba láti béèrè bóyá n óò máa bá òun kó iṣu tí ọkọ̀ náà bá parí. Aládùúgbò wa kan bi Màmá léèrè bí wọn yóò ṣe gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Kí ló le níbẹ̀?" Màmá dá a lóhùn. "Mẹ́tìrì mi á gbé e dání."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn géńdé àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì yà kúrò lọ́nà fún mi. Mo rò pé nítorí ìwé tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Savalou nìyẹn, nítorí Màmá máa ń lọ sí ọjà ibẹ̀. Ní Savalou ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó ń fọ egbò, ó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́, kò sì bẹ̀rù ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ ni èmi ń bẹ̀rù. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kọmándàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń wọ kóòtù nínú ooru títí di ìgbà náà. Èdè mẹ́ta ló gbọ́: ó máa ń fi Yorùbá kí ènìyàn, á fi Faransé ṣe ọ̀gá, á sì fi Mahi bínú. Ṣáájú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, Mahi ló sábà máa ń bá mi sọ. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò tíì tó ẹni tó ń fẹ́ ọmọ òun.

A ti fi ọjọ́ sí i tí àwọn ẹbí mi yóò lọ tọrọ ọmọ náà. Ọjọ́ náà ti ń súnmọ́lé nígbà tí awakọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó iṣu láti Bantè yà sí ilé wa.

"Mẹ́tìrì, bàbá ìyàwó rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti wó ògiri."

"Ògiri wo?"

"Ògiri iwájú ilé. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà àtijọ́ kò lè gba ọkọ̀ Amẹ́ríkà."

Mo jókòó sílẹ̀. Màmá ń gbọ́ wa láti ìdí ààrò. "Ẹni tó mọ iyì ni bàbá yẹn," ó ní, ó sì ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí fún ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù náà lọ sí Savalou láti lọ sọ òótọ́. Mo bá bàbá náà níwájú ilé. Ihò tó wà lára ògiri fẹ̀ débi pé erin lè gba ibẹ̀ láì forí gbá nǹkan kan. Ó di okùn kan mú, ó ń wọn ilẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ tí ó ti ń fà mí dìde. "Wá wò ó. Ṣé yóò gbà á?"

"Yóò gbà á, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà àtijọ́ pàápàá ì bá gbà á."

"Má tàn mí. Mo ti rí ti Àlájì."

"Tèmi ò tó ti Àlájì, Bàbá. Ó kéré."

"Mo fẹ́ràn ọmọ tó ní ìrẹ̀lẹ̀."

"Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ó kéré gan-an ni. Kò lè gbé yín."

Ó wo ara rẹ̀. "Èmi ò kúkú sanra. Àbí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ò lágbára?"

"Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́."

"O ò tíì da epo sí i ni."

"Kò sí ibi tí wọ́n ń da epo sí, Bàbá."

Ó ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó ti yé e. Ó gbé ojú sókè.

"Àwọn ará Amẹ́ríkà!" ó ní. "Wọ́n ti ṣe èyí tí kì í mu epo!"

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀, mo fi hàn án bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó. Ó wo àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ mi pẹ̀lú ìfẹ́.

"Ìyẹn ni gíláàsì iwájú rẹ̀?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́. Àfẹ́sọ́nà mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti ki etí ìró bọ ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun mọ gbogbo rẹ̀, mo ti sọ fún un tipẹ́. Nígbà tó sìn mí dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù wà, mo bá a wí.

"O dúró síbẹ̀, o ń rẹ́rìn-ín, o ò bá mi dá sí i."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní n kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì sọ Mahi nínú ilé. Ìyá mi sanra díẹ̀ sí i."

Mo padà sí Bantè, mo ro ẹjọ́ mi fún Màmá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí òun rò. Kò bẹ̀ mí, kò ṣàlàyé. Ó ní, "Má dààmú. N óò wá ọkọ̀." Ó di gèlè rẹ̀, ó lọ bá Àlájì ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Savalou. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé ó yin eyín ọkọ̀ náà, ó yin ìrù rẹ̀, ó yin ohùn rẹ̀, títí ojú fi ń ti Àlájì. Àlájì gbà. Ó ní òun yóò máa ti Bassila bọ̀ lọ́jọ́ náà, òun yóò gbé wa ní Bantè bí òun bá ń kọjá. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wà á, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹun nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ní láti bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé.

Ọjọ́ náà pé. Àwa mẹ́rin ló wọ ọkọ̀ Àlájì: Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Lougba, aránṣọ tí a fi ṣe alágbàsọ nítorí ẹnu rẹ̀ dùn, àti èmi. Olúkúlùkù gbé bàtà rẹ̀ sórí itan. Mo fi ọkọ̀ tèmi sínú páálí rẹ̀, Màmá sì gbé e sínú igbá pẹ̀lú obì tí a ń mú lọ, nítorí mo ti pinnu pé bàbá náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i lónìí. Àga ọkọ̀ Àlájì rọ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fọkàn tán an. Ó di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀. Rédíò ọkọ̀ ń sọ Yorùbá àwọn ará Nàìjíríà. Ọkùnrin inú rẹ̀ kí wa káàárọ̀, Màmá sì dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó béèrè àwọn ará ilé rẹ̀.

A ti kọjá Gouka díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró. Rédíò náà dákẹ́. Àlájì bọ́ sílẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, èéfín bo ojú rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Mẹ́tìrì, máa bọ̀."

"Èmi, Àlájì?"

"Ìwọ lo ń to ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ti ike ni, Àlájì."

"Ike, irin, ara kan náà ni. Máa bọ̀."

Mo bọ́ sílẹ̀ láì wọ bàtà, mo dúró tì í. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn díẹ̀, nítorí mo mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo rí. Wọ́n tóbi, wọ́n dọ̀tí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n.

"Èyí ni nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún," mo ní.

"Ó ṣeun. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún."

Àlájì wò mí. Mo na ọwọ́ láti fi nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún hàn án, ó sì jó mi lọ́wọ́. Nínú tèmi, kì í gbóná. Bí mo ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi, a gbọ́ ohùn aránṣọ láti ìsàlẹ̀. Ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ láti bá wa wò ó.

"Mẹ́tìrì! Abẹ́ ni wọ́n fi ọ̀pá àsíá tiwọn sí!"

"Ọ̀pá àsíá kẹ̀?" Àlájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí i. "Ibi tí èéfín ń gbà jáde nìyẹn."

Aránṣọ jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Kò wo ojú mi, èmi náà kò wo tirẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń kó iṣu ló gbà wá. Awakọ̀ tó mú ìròyìn ògiri wá fún mi náà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi okùn so ọkọ̀ Àlájì mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá lọ. Gbogbo eruku ọ̀nà Savalou ló wọlé bá wa. Tí a bá ti gíláàsì, ooru á fẹ́ẹ̀ pa wá. Tí a bá ṣí i, a ò ní rí ara wa. Àlájì jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko, ó sì ń fọn fèrè láti Gouka títí dé Savalou kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọkọ̀ náà ti kú.

Fèrè yẹn ló kó gbogbo àdúgbò jáde. Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, bàbá ìyàwó mi wà láàárín nínú kóòtù dúdú. Kò sí bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe lè fi wá sílẹ̀ ní títì, nítorí okùn wa kúrú. Òun ló kọ́kọ́ gba ihò ògiri wọlé, tòun ti iṣu rẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá ìyókù ògiri apá òsì lulẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀lé e, ó ń ké bíi màlúù méjì. Eruku bo ilé. Nígbà tí ó rọlẹ̀, bàbá náà wo ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó ká ọwọ́ lé orí.

"Ó mú méjì wá!" ó kígbe.

A sọ̀ kalẹ̀ láì wọ bàtà, a funfun bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun. Wọ́n fún wa ní omi, wọ́n fún wa ní ìjókòó. Aránṣọ dìde, ó túnṣe agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òdòdó tó ń tanná nínú ọgbà. Kò tíì dé ibi òdòdó tí bàbá náà fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyẹn ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kọ́kọ́ mú mi mọ ọkọ̀ rẹ̀."

"Ọkọ̀ ta?" Àlájì béèrè.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi. Mo rí i pé kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà mọ́. Mo mú páálí kúrò nínú igbá Màmá, mo gbé ọkọ̀ tèmi jáde, mo gbé e sórí tábìlì tó wà níwájú bàbá náà, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Mo ń dúró de Mahi.

Mahi ò dé. Ohun tí mo rí ni orúnkún ṣòkòtò dúdú kan tó wá kanlẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì. Mo gbé orí sókè. Bàbá náà ti kúnlẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ wá sí iwájú ọkọ̀ náà gan-an, bí ẹni tó dúró lójú títì tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá bá. Ó fi ìka kan tì í. Táyà rẹ̀ yí. Ó fà á padà.

"Ìwọ lo tò ó?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ?" Ó fọwọ́ kan ọ̀pá iwájú. "Kí nìyí?"

"Ọ̀pá àsíá ni," aránṣọ sọ láti ẹ̀yìn mi, kò mira.

"Ó dára. Ti kọmándàn náà ní in."

Ìyá ìyàwó mi wo ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì, ó wo ìta.

"Ògiri mi ńkọ́?" ó ní.

Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìró tó lè dí ẹnu rẹ̀ mọ́. Màmá tẹ̀lé e, Àlájì tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín nítorí ilẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ló wà. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní Yorùbá, pé ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà ní ọ́fíìsì, òun ló ń kọ ìwé ọkọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ọkọ̀ tó wọ agbègbè yìí tí òun kò mọ àwọ̀ rẹ̀. Kò sì sí ẹnikẹ́ni tó sọ fún òun rí pé, wá jókòó sídìí rẹ̀ kí o wò ó.

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Àlájì dìde. Mo ti rò pé agbéraga ni ọkùnrin yìí títí di ìgbà náà. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lápá awakọ̀, ó fi etí agbádá nu àga.

"Ẹ máa bọ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ má bọ́ bàtà."

Bàbá wọlé, ó di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó jókòó ṣánṣán, ó wo iwájú, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù àti iṣu lọ. A dúró dè é kó jáde. Kò jáde. Ní ìgbẹ̀yìn, ìyá ìyàwó mi ní kí a gbé ìjókòó wa lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ojú gíláàsì ọkọ̀ ni aránṣọ dúró sí tó fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, láti orí òdòdó títí dé orí ẹni tó rí i tó fẹ́ já a. Bàbá ń gbọ́, ó ń yí ìdarí díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Aránṣọ béèrè bóyá wọ́n fún wa ní òdòdó náà. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín ìdarí, fèrè sì ké débi pé adìẹ sá wọ yàrá.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni?" aránṣọ bi ìyá ìyàwó mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni ni," ìyá náà ní.

Ọkọ̀ Àlájì wà nínú ọgbà yẹn títí mẹ́káníìkì fi ti Kútọnu dé, ojoojúmọ́ sì ni Bàbá ń nù ún. A ṣe ìgbéyàwó wa ní ilé ìjọsìn ní Savalou lẹ́yìn ìkórè. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ.

Nígbà tí òjò tún dé, àbúrò Fàdá fi páálí mìíràn ránṣẹ́, Fàdá sì fún mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni lọ́tẹ̀ yìí, táyà rẹ̀ pọ̀ gan-an. Mo gbé e lọ sí Savalou nígbà ìsinmi, èmi àti bàbá ìyàwó mi sì tú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. A jà lórí nọ́ńbà mẹ́fà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án, nítorí ẹni tó bá jókòó lódìkejì tábìlì ń kà wọ́n ní ìdoríkodò. Ó bínú, ó fi Mahi bá mi wí, ó fi Faransé parí rẹ̀. Ìyàwó mi gbé iyán dé, ó wo tábìlì, kò rí ibi tí ó lè gbé e sí.

"Ilẹ̀ lẹ ó ti jẹun lónìí," ó ní.

"Rọra," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, kò gbé ojú sókè. "Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ."